Iye Tí A Kọ Sábẹ́ Ẹsẹ̀ Ère

Òkè-Ìyìnmi,
Adó-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Sí Olóòtú Àgbà,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo akọ̀ròyìn yín kú iṣẹ́ o. Láìpẹ́ yìí ni ẹ gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń fi owó gọbọi ra àwọn ère kéékèèké tí àwọn ayàwòrán ojú pópó ń ṣe lókè òkun, ẹni tó kọ ọ́ sì pe àwọn ère náà ní bèbí rọ́bà lásán tí àgbàlagbà ń fi ṣeré ọmọdé. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, mo sì wà lára àwọn tó ń kó irú ère bẹ́ẹ̀ jọ, nítorí náà mi ò lè ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Ohun tó dùn mí jù nínú àpilẹ̀kọ yẹn kì í ṣe orúkọ tó fi pè wá. Ó sọ iye owó tí wọ́n ń ná, ó sọ ibi tí wọ́n ti ń rà á, ṣùgbọ́n kò fẹnu ba ohun tó ń mú kí ère rọ́bà kan tó owó tí a dá lé e tàbí kó má tó o, ìyẹn ni ẹ̀jẹ́ tí ẹni tó ṣe é jẹ́ nípa iye ẹ̀dà tí yóò wà láyé. Lórí ẹ̀jẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ Èkìtì tó ń kun ògiri náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ère kéékèèké tà, wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí i lára bí wọ́n ṣe rí i lórí fóònù, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ ni wọ́n ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí ẹni tó ń kun ògiri fi ń ṣe ère. Ògiri kò ṣeé gbé. Ẹni tó bá fi gbogbo òru kun ògiri títì kò lè tà á, kò sì lè ní kí wọ́n má fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì; ní Adó-Èkìtì níbí, bí àsìkò ìbò bá ti dé, pósítà àwọn olóṣèlú ni yóò bo àwòrán tó bá wà lójú pópó mọ́lẹ̀. Keith Haring, ayàwòrán ojú pópó kan ní Amẹ́ríkà, mọ ìṣòro yìí dáadáa. Láti ọdún 1980 ló ti ń fi ṣọ́ọ̀kì funfun yàwòrán sórí bébà dúdú tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ìpolówó tó bá ṣófo ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní New York, àwọn ọlọ́pàá sì ń mú un nítorí rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ wá di ohun tí apá mẹ̀kúnnù kò ká mọ́, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kan tó pè ní Pop Shop sí òpópónà Lafayette lọ́dún 1986, ó sì ń ta ẹ̀wù, bájì àti ohun ìṣeré tó ní àwòrán rẹ̀ lára níbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn kan láàárín àwọn oníṣẹ́ ọnà bá a wí pé ó ń sọ iṣẹ́ ara rẹ̀ di ọjà, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí àwọn ọmọ Bronx, àdúgbò mẹ̀kúnnù ní New York, náà lè ra nǹkan níbi tí àwọn olówó ti ń ra nǹkan. Haring kú lọ́dún 1990, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù náà pa lọ́dún 2005. Èrò tó fi ṣí i kò kú ní tirẹ̀, nítorí òun ni àwọn tó wá lẹ́yìn ń lò títí di òní: kí ẹni tí kò lè ra àwòrán ńlá lè mú nǹkan tó ti ọwọ́ ayàwòrán kan náà wá lọ sílé.

Ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń dárúkọ jù nínú àwọn tó wá lẹ́yìn yìí ni Brian Donnelly, tí gbogbo ayé mọ̀ sí KAWS. Ọmọ Jersey City ní Amẹ́ríkà ni, ọdún 1974 ni wọ́n bí i. Ara ògiri ló ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa ń lọ yọ bébà ìpolówó kúrò ní ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì, yóò kun àwòrán tirẹ̀ lé e lórí, yóò sì dá a padà síbi tó ti yọ ọ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1999, òun àti ilé-iṣẹ́ Bounty Hunter ní Japan ṣe ère rọ́bà kan tó pè ní Companion, ẹ̀dà 500 péré. Ara eku inú eré àwòrán ọmọdé ni ère náà ní, orí rẹ̀ jẹ́ agbárí tí egungun yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àmì X méjì ló sì wà níbi tó yẹ kí ẹyinjú wà. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan lọ́wọ́ nínú àwọn tí òun àti ilé-iṣẹ́ Medicom Toy ní Japan jọ ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, tí ẹ sì dà á dojú dé, ẹ ó rí i pé abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n tẹ orúkọ KAWS, ọdún tí wọ́n ṣe é àti orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sí. Lẹ́tà náà jinlẹ̀ débi pé èékánná ọwọ́ yóò kọ́ ọ bí ẹ bá fà á kọjá. Àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn ni èmi máa ń wò kí n tó wo ojú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo Companion ló ní òpin o. Èyí tí ṣọ́ọ̀bù ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní MoMA ní New York gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2017 ní 200 dọ́là, tí èrò ya bò débi pé ìkànnì náà kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, kò ní nọ́ńbà kankan lára tó ń sọ pé mélòó ló wà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n ti ta àwòrán KAWS kan ní mílíọ̀nù 14.8 dọ́là ní gbàǹjo Sotheby's ní Hong Kong. Owó yìí ló kó sí àwọn ọmọ wa lórí. Wọn kò bi ara wọn pé àwòrán tí a fi ọwọ́ kùn, tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láyé, ni wọ́n tà níbẹ̀, àti pé ère tó jẹ́ ọ̀kan nínú 500 wà ní àyè tirẹ̀, èyí tí kò níye náà sì wà ní àyè tirẹ̀. Mo fẹ́ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra èyí tí kò níye ní owó èyí tó níye, ìyà ló fi jẹ ara rẹ̀, ẹni tó sì mọ̀ tó tà á fún un bẹ́ẹ̀, olè ni.

Ní ti rọ́bà tí òǹkọ̀wé yín ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú, mo fẹ́ kó rántí ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá ti kú, agbẹ́gilére ni àwọn òbí ń lọ bá kó gbẹ́ ère rẹ̀, wọn yóò máa wẹ̀ ẹ́, wọn yóò máa fi osùn kùn ún, wọn yóò sì máa bọ́ ọ pẹ̀lú èyí tó wà láàyè. Nígbà tí bèbí ike láti ilé-iṣẹ́ wá wọ ọjà ní ọ̀rúndún ogún, àwọn ìyá kan nílẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í ra bèbí náà fi ṣe ère ìbejì, àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí nípa rẹ̀ sì ya fọ́tò wọn. Àwọn ìyá yẹn kò ka ike sí ohun yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n fún ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Mi ò sọ pé ohun ìṣẹ̀ṣe àti ohun tí a ń kó jọ jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò yẹ kí Yorùbá jẹ́ ẹni tí yóò fi ohun tí wọ́n fi ṣe ère nìkan dá ère lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹ̀jẹ́ náà gan-an. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa ń kọ sára ère oníye, wọn yóò sì fa igi kan sáàárín wọn. Bí ẹ bá rí 12/50, ẹ̀dà kejìlá nínú àádọ́ta ni. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn igi yẹn ni ẹ̀jẹ́: ẹni tó ṣe é ń sọ fún ẹni tó rà á pé àádọ́ta ni, kò ní lé ẹyọ kan láéláé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn ẹ̀dà kan wà tí oníṣẹ́ ọnà ń yọ sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, lẹ́tà A.P. (“artist's proof”, ìyẹn ẹ̀dà ti oníṣẹ́ ọnà) ni wọ́n ń kọ sí wọn lára, wọn kì í sì kà wọ́n mọ́ àádọ́ta yẹn. Wọ́n sì tún lè da ère kan náà ní àwọ̀ dúdú, àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀, kí wọ́n pe àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà 500, kó wá já sí pé 1,500 ère ló ti inú mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo jáde. Ìwọ̀n náà ń yí padà: ère béárì tó ń jẹ́ Bearbrick tí Medicom Toy bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001, èyí tí wọ́n ń pè ní 100% ga ní sẹ̀ǹtímítà 7, 400% jẹ́ 28, 1000% sì jẹ́ 70, àwòrán kan náà ló sì lè wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú èyí bí wọ́n bá ti sọ ọ́ síta kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni kí ẹni tó ra dúdú máa gbọ́ lẹ́yìn ọdún kan pé àwọ̀ mìíràn tí wọn kò fẹnu bà rí ti dé. Ẹni tó bá sì padà lọ gbé mọ́ọ̀dù tó ti ní òun kò ní lò mọ́, tó tún fi da ère, bí ẹni tó ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ẹni méjì ló rí lójú mi, àwa ará Èkìtì sì mọ ohun tí irú ìyẹn máa ń dá sílẹ̀.

Àwọn ilẹ̀ kan kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn nìkan. Ère onídẹ mẹ́jìlá péré láti inú mọ́ọ̀dù kan ni òfin ilẹ̀ Faransé kà sí ojúlówó, mẹ́jọ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí fún títà, àti mẹ́rin tó jẹ́ ti oníṣẹ́ ọnà, èyí tí wọ́n máa ń fi nọ́ńbà Róòmù sàmì sí. Èyíkéyìí tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ kedere pé àdàkọ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ère idẹ Anyanwu tí Ben Enwonwu ṣe fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èkó láàárín ọdún 1954 sí 1955 kò dá wà. Ẹ̀dà rẹ̀ kan ni Nàìjíríà fi ta Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́rẹ ní New York lọ́dún 1966, àwọn kéékèèké sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ère jọ. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Anyanwu ní bèbí nítorí pé ó ju ẹyọ kan lọ.

Bí ẹ̀jẹ́ bá bàjẹ́, orúkọ ló ń bà jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Salvador Dalí, ọmọ ilẹ̀ Spéènì tí gbogbo ayé mọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í buwọ́ lu bébà tí kò sí àwòrán kankan lórí rẹ̀ nígbà tó ń darúgbó lọ, kí àwọn oníṣòwò lè lọ tẹ àwòrán sí i bó bá ti wù wọ́n. Lọ́dún 1974 àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ Faransé dá ọkọ̀ kan dúró tó kó ọ̀kẹ́ méjì irú bébà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé àwòrán Dalí tí wọ́n tẹ̀ lápá ìparí ayé rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ fura ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbuwọ́lù tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́ Dalí fúnra rẹ̀. Ìbuwọ́lù nìkan kò tó, ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ nìyẹn. Ohun tó ń dáàbò bo ẹni tó ra nǹkan ni pé kí àkọsílẹ̀ wà níbì kan tó bá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu.

Banksy ló ṣe èyí lọ́nà tó wú mi lórí jù. Ayàwòrán ojú pópó ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò jẹ́ kí ayé mọ ojú òun ni, síbẹ̀ òun ló ní ọ́fíìsì tó le jù nídìí ìwé ẹ̀rí. Láti ọdún 2008 ni ọ́fíìsì tó ń jẹ́ Pest Control ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 2004, Banksy ti tẹ ayédèrú owó pọ́n-ùn mẹ́wàá kan tó fi ojú Ọmọọba Diana rọ́pò ojú Ọbabìnrin. Owó yẹn náà ni wọ́n wá ń lò báyìí. Wọn yóò ya ẹyọ kan sí méjì, wọn yóò fi ìlàjì kan mọ́ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún ẹni tó ni iṣẹ́ náà, wọn yóò sì fi ìlàjì kejì pamọ́ sọ́dọ̀ ara wọn, nọ́ńbà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ yóò sì wà lórí méjèèjì. Bí ìyàn bá dé, wọn yóò mú ìlàjì méjèèjì pàdé, ojú ibi tó ti ya gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Ẹ wo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bébà yíya kò ṣeé fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kò sì ná wọn ju kọ́bọ̀ lọ. Kò sí ohun tó ní kí ọmọ tó ń kun ògiri ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ọ̀yẹ́ má lè ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán tirẹ̀ tó bá tẹ̀ sórí páálí.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára tó báyìí kò ju ohun tí mo fi ojú ara mi rí lọ. Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ nílé-ẹ̀kọ́, tó ti di ẹnjiníà báyìí, gbé páálí kan wá sílé mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.” Ó ti fi owó oṣù rẹ̀ ra Companion kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tajà lórí fóònù, ẹni náà sì ti fi dá a lójú pé ẹ̀dà oníye ni. Mo gbé e lọ sábẹ́ iná. Ọ̀dà àmì X tó wà níbi ojú ọ̀tún ti ṣàn kọjá ààlà rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹ kò bá sún mọ́ ọn ẹ kò ní rí i. Ibi tí wọ́n ti so ìdajì méjì pọ̀ lára apá rẹ̀ ṣì yọ gàǹgà, ìka ọwọ́ ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo dà á dojú dé, orúkọ wà lábẹ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀, èékánná mi fò ó kọjá, ọdún kò sì sí níbẹ̀ rárá. Àwòrán ara páálí ti ṣá, bí ohun tí wọ́n yà lára páálí mìíràn. Mo sọ òótọ́ fún un, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tó pe ẹni tó tà á fún un, ẹni náà ní òun kò ta ayédèrú rí, kò sì gbé ìpè rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Bí ọmọ náà bá ti béèrè rìsíìtì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ra ère yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, tó béèrè fọ́tò àtẹ́lẹsẹ̀ àti ti páálí kó tó fi owó ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí níbẹ̀. Àwọn ère kéékèèké tí Banksy tà ní hòtẹ́ẹ̀lì Walled Off tó ṣí ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ́dún 2017, rìsíìtì hòtẹ́ẹ̀lì náà ni àwọn tó rà wọ́n ń tọ́jú bí ẹyin, nítorí pé ẹni tí kò bá ní i yóò ṣe àlàyé títí ni.

Bí ìlú kan bá wà tó yẹ kó mọ ohun tí àìsí àkọsílẹ̀ ń fà, Èkìtì ni. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ní nǹkan bí ọdún 1873, tó sì di ọ̀gá agbẹ́gilére lábẹ́ Arínjalẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì, ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lọ́dún 1924, wọ́n kó ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, àwọn aláṣẹ British Museum sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé wọ́n fi ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba pàṣípààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà. Lọ́dọ̀ wọn ló wà dòní. Òpó láti ààfin kan náà wà ní Art Institute ti Chicago. Ọlọ́wẹ̀ kú lọ́dún 1938, kò kọ orúkọ sára iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìwé tí a kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Àwọn tó mọ ọwọ́ rẹ̀ ló ń fi ojú dá a mọ̀ lára igi, oríkì rẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ kì fún onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan lọ́dún 1988 sì wà lára ohun tó jẹ́ ká mọ àwọn ààfin tó ti ṣiṣẹ́. Ìyá àgbà kan ló gbé àkọsílẹ̀ yẹn sórí ahọ́n fún àádọ́ta ọdún! Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ kò sì ní ẹ̀dà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì hàn lára gbogbo wọn. Ère tí a fi mọ́ọ̀dù dà kò ní àǹfààní yẹn, nítorí ìkíní àti ìkẹẹ̀dógún jọ ara wọn, ti olè náà sì lè jọ wọ́n. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó ṣe é wà láàyè, kò sí oríkì tí yóò tó láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọgbọ́n ìdàkọ kì í ṣe àjèjì sí wa níbí. Káàkiri ìpínlẹ̀ yìí ni àwọn ọ̀gá wà lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń fi mọ́ọ̀dù da kìnnìún àti ẹyẹ idì onísẹ̀míńtì tí àwọn onílé ń gbé sórí òpó géètì, wọ́n mọ bí a ṣe ń po sẹ̀míńtì tí kò fi ní sán, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ kúrò nínú mọ́ọ̀dù láìkán etí ẹranko. Ní Ìsàn-Èkìtì, àwọn ìyá wa ń mọ ìkòkò, wọ́n mọ amọ̀ tó dára àti bí iná ṣe ń gbóná tó. Ọmọ tó mọ àwòrán yà sára ògiri lè lọ bá àwọn wọ̀nyí ṣiṣẹ́ pọ̀, kó sọ àwòrán rẹ̀ di ère tó ga ní ìgbọ̀nwọ́ kan, kò sì nílò rọ́bà láti òkè òkun. Mo ti rí díẹ̀ lára irú rẹ̀ ní Adó, mo sì ra ọ̀kan, ère obìnrin onísẹ̀míńtì tó ru ìkòkò, wọ́n fi ọ̀dà aláràbarà kùn ún gẹ́gẹ́ bí àwòrán tó kọ́kọ́ wà lára ògiri. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ 3/20 sí pẹ̀lú báírò. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó ṣe é pé mélòó ló ti dà, ó ní, “Bàbá, bí ẹ bá ní ẹni tó tún fẹ́, a ó da sí i.” Kò ní ẹ̀tàn lọ́kàn. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé nọ́ńbà yẹn ti dí ọ̀nà mọ́ ọn ni.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ òun ni mo ń bẹ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n pinnu iye náà kí wọ́n tó da ère àkọ́kọ́, kí wọ́n sì sọ ọ́ síta pẹ̀lú iye àwọ̀ àti iye èyí tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ fún ara wọn. Kí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà náà sínú sẹ̀míńtì tàbí amọ̀ nígbà tó ṣì tutù, nítorí báírò ń parẹ́. Kí wọ́n ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ọ́ sí: nọ́ńbà, ọjọ́, ẹni tó rà á, iye tó san, kí wọ́n sì fi fọ́tò àtẹ́lẹsẹ̀ ère sí i. Nígbà tí ìkẹyìn bá ti jáde, kí wọ́n fọ́ mọ́ọ̀dù náà lójú àwọn tó rà á, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n ya fídíò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó nira fún ọ̀dọ́ tí ebi ń pa láti fọ́ ohun tó lè mú owó wá lọ́la, n kò sì fojú kékeré wo ìnira yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí ó ṣe ogún péré. Bó bá mọ̀ pé igba ni òun lè tà, kó kọ igba, kó dín owó rẹ̀ kù, kí àwọn olùkọ́ àti àwọn ọlọ́jà náà lè rà á. Iye tó pọ̀ kò ba ère jẹ́ rí. Irọ́ tí wọ́n pa nípa iye ló ń bà á jẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé kò fẹ́ dá òpin sí i rárá, kó má kọ nọ́ńbà kankan, kó tà á bẹ́ẹ̀, òun náà dára.

Mo rò pé Àjọ Àṣà àti Iṣẹ́ Ọnà ìpínlẹ̀ wa lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láìná owó tó pọ̀, bí wọ́n bá lè ní ìwé ńlá kan ní ọ́fíìsì wọn tí oníṣẹ́ ọnà tó bá wù lè mú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá sí, kí ẹni tó fẹ́ ra ère lè wá wò ó láìsan nǹkan kan. Àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa náà lè fi bí a ṣe ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún tí wọ́n bá ń kọ́ ère dídà.

Fún àwọn tó ń kó ère jọ, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo ní. Ère rọ́bà kò fẹ́ oòrùn. Ó ń sọ funfun rẹ̀ di àwọ̀ yẹ́lò, ooru sì ń mú kí ara rẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ gbé e kúrò lójú fèrèsé, ẹ má sì sọ páálí rẹ̀ nù.

Ní ti ìwé ìròyìn yín, Olóòtú wa, ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Nígbà mìíràn tí ẹ bá tún fẹ́ sọ iye tí wọ́n ta ère kan fún àwọn òǹkàwé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ mọ́ ọn pé ẹ̀dà mélòó ló wà, ohun tí wọ́n fi ṣe é, àti bóyá ẹni tó ṣe é ti fọ́ mọ́ọ̀dù náà. Bí ẹ bá sì lè rán akọ̀ròyìn kan wá sí Adó láti wá wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń da ère onísẹ̀míńtì wọ̀nyí níbi iṣẹ́ wọn, mo ṣetán láti mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tí mo mọ̀, kó sì gbọ́ ti ẹnu wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó ti fẹ̀yìntì,
Adó-Èkìtì.